Akẹtẹ̀ Bàbá Fàsásì

Bí ẹ bá yà sílé wa ní Bẹyẹrúnkà, ẹ má sáré jókòó o. Ẹ kọ́kọ́ wo àga dáadáa. Lọ́jọ́ tí lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wa wá bẹ̀ mí wò, orí fìlà onífìlà ni wọ́n jókòó lé. Igbe tí ìyàwó mi ké, ẹ ó rò pé ọmọ ìkókó ni wọ́n jókòó lé. Fìlà wà lórí àga, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wà lórí ìkòkò omi. Èmi tí mo fi owó ara mi kọ́ ilé, orí àpótí ìdáná ni mo ti ń jẹun.

Ràbíátù lorúkọ ìyàwó mi. Ìyá Afeez ni mo ń pè é, Ìyá Onífìlà ni gbogbo Ọjà'ba ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún fìlà àti akẹtẹ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe. Mo fẹ́ sọ pé ó máa ń jí wọn dìde, ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan ló ń jí òkú. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, bàbá náà ló sì fi orí igi tó fi ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Igi gbígbẹ́ ni, ó rí bí orí ènìyàn, kò lójú, kò lẹ́nu. Ó máa ń fi aṣọ bò ó lálaalẹ́. Mo bi í nígbà kan bóyá òtútù ń mú un, ó tún fa aṣọ náà bò ó dáadáa.

Orúkọ ènìyàn kì í yé e, orí ló fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹ ní Jubril tó ń ta páànù kí i, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní Jubril tí ìpàkọ́ rẹ̀ yọ gọnbọ, á ní, “Háà! Ọmọlúàbí ènìyàn!”

Bí Alàájì Fàsásì ṣe wá láti Ọ̀rányàn láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé láílọ́ọ̀nù kan dání. Akẹtẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Koríko rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, wọ́n sì hun ún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò fi lè rí ojú ìhun rẹ̀ àfi tí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù ti tẹ̀ ẹ́ pa lábẹ́ àpótí, etí rẹ̀ ti ká jọ, eku sì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan.

“Bàbá mi ló rà á ní Kùmásí nígbà tí wọ́n ń ṣòwò lọ́hùn-ún,” ó ní. “Títí wọ́n fi kú, wọn ò jáde láìdé e.”

“Ta ló wá fẹ́ dé e báyìí?” ìyàwó mi bi í.

“Èmi ni, Ìyá Onífìlà. Màámi ò mọ̀ mí mọ́. Ogbó ti dé. Ẹni tó ń ka mítà iná ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní, ‘Ẹ̀yin oníná, ìgbà wo lẹ máa dá iná wa padà?’ Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á ní àwọn ò lè jẹun lọ́wọ́ ẹni tó ń gé iná oníná.”

Ẹ̀rín pa mí. Ìyàwó mi já mi léèékánná lápá.

“Ṣùgbọ́n wọn ò yé sọ̀rọ̀ akẹtẹ̀ yìí,” Fàsásì ní. “Mo rò pé bí wọ́n bá rí i lórí mi, iyè wọn á sọ. Kí wọ́n sáà pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọlọ́jọ́ tó dé.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ìyá ló bí èmi náà, mo mọ ohun tó ń dun ọkùnrin náà.

Ìyàwó mi gbé akẹtẹ̀ náà lé e lórí. Ó bọ́ wálẹ̀, ó bo ojú rẹ̀. “Ó ti fẹ̀ jù,” ó ní. “Màá sún un kì.” Ó fi omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ nù ún. Àwọ̀ búlúù kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó yí i ká. Ó ní ìdọ̀tí ni, ó sì fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́ láúláú. Ó yọ koríko díẹ̀ lábẹ́ etí rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ hun ojú ibi tí eku jẹ. Ó gbé e sórí ooru omi tó ń hó títí ó fi rọ̀, ó dé e lé orí igi, ó fi okùn so ó nídìí, ó wá fi omi ògì tó ṣàn dáadáa pa á lára kó lè le. Oòrùn ò gbọdọ̀ rí i. Nítorí akẹtẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n ṣí fèrèsé yàrá ara mi, ooru sì fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ká má parọ́, ó dára. Nígbà tí Fàsásì dé e, ó bá orí rẹ̀ mu rẹ́gí. Ẹsẹ̀ ọkọ ìyàwó ló fi jáde nílé wa.

Kí wọ́n tó pe ìrun Aláásárì, ó ti padà. Ó jókòó gbì. Orí fìlà ni! Ìyàwó mi ò ké. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

“Màámi ní olè ni mí,” Fàsásì ní. “Wọ́n ní mo gé iná tán, mo tún wá jí akẹtẹ̀ ọkọ àwọn. Wọ́n ní ọkọ àwọn ò dé akẹtẹ̀ sórí òfìfo rí.”

Ìyàwó mi lu ọwọ́ pọ̀. “Yéè! Aró ni!”

“Aró wo?” mo bi í.

“Àwọ̀ búlúù yẹn! Aró fìlà ẹtù bàbá wọn ló ń ràn án! Orí fìlà ni bàbá ń dé akẹtẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tó fi fẹ̀. Èmi Ràbíátù, ọmọ onífìlà, mo fọ̀ ọ́ dànù, mo ní ìdọ̀tí ni!” Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Taa ni ò mọ̀ pé àwọn àgbààgbà wa kì í gbé orí lásán jáde? Fìlà ni wọ́n ń kọ́kọ́ dé, kí wọ́n tó gbé akẹtẹ̀ lé e nítorí oòrùn. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, n kò gbọ́ kó ní òun ṣàṣìṣe rí, mo sì fẹ́ gbádùn rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀.

“Ṣé ẹ ò lè fi àlùmọ́gàjí là á lẹ́yìn?” Fàsásì bi í.

“Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, Alàájì.” Ó dìde. Ó dé fìlà lé orí igi kó lè fẹ akẹtẹ̀ náà lé e lórí, ṣùgbọ́n fìlà náà ń yọ̀ bọ́ ni, nítorí igi ti dán jù. Ló bá yíjú, ó ń wo orí mi.

“Bàbá Afeez…”

“Rárá o!”

“N ò tíì sọ nǹkan kan.”

“Orí mi kì í ṣe igi.”

Fàsásì náà fò dìde. “Ẹ má bínú o. N ò ní gbé ohun tí bàbá mi fi borí lé orí ẹlòmíì.” Inú mi dùn sí i gan-an.

“Ó dáa, ẹ gbé orí tiyín wá,” ìyàwó mi ní.

Ó ní kó dé fìlà ẹtù rẹ̀, ó fi ooru rọ akẹtẹ̀, ó sì ń fà á wálẹ̀ lé fìlà náà díẹ̀díẹ̀. Mo ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ó ní kí n jáde. Wọ́n wá gbé Alàájì jókòó síta lábẹ́ ibòòji, omi ń kán sí i lọ́rùn. Kò gbọdọ̀ tẹ orí ba. Bí àwọn èrò ọ̀nà ṣe ń kí i, ọwọ́ ló ń jù sí wọn bí ọba. Ọ̀kan ní, “Alàájì, ṣé orí yín nìkan lòjò rọ̀ sí ni?”

“Ẹ má ṣí i títí yóò fi gbẹ,” ìyàwó mi kìlọ̀. “Bí ẹ bá ṣí i, ó tún máa súnkì.” Ó ní òun máa bá a lọ, iṣẹ́ òun ni. Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ta ló fẹ́ kí wọ́n wá máa ròyìn fún òun? Kẹ̀kẹ́ ò ṣeé wọ̀, òrùlé rẹ̀ máa tẹ akẹtẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ la fi la Ọjà'ba kọjá dé Ọ̀rányàn.

Ìyá arúgbó jókòó sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Fàsásì dúró gan-an níwájú wọn, ọrùn rẹ̀ le bí òpó. Ìyá wo akẹtẹ̀. Wọ́n wo fìlà tó yọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá wo ojú tó wà lábẹ́ méjèèjì.

“Fàsásì!”

“Mà?”

“Ta ló ní kó o gbé akẹtẹ̀ bàbá ẹ? Ṣé mi ò kìlọ̀ fún ẹ ni? Ṣí i kíá, kí wọ́n tó ti ọjà dé!”

Ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun yìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Akẹtẹ̀ yí gbirigbiri lọ sẹ́bàá ògiri. “Ẹ má bínú, màámi,” ó ń sunkún. “Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.” Mo wo ìyàwó mi, mo ń retí igbe. Kò tilẹ̀ wo ibi tí akẹtẹ̀ wà. Ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu ojú.

“Ó tó, má sunkún mọ́,” ni ìyá wí. “Ṣé o ti jẹun?”

“Rárá, mà.”

“Jókòó, kí wọ́n bu oúnjẹ fún ẹ.” Ni wọ́n bá gbójú sókè, wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn sì le. “Ẹ̀yin oníná, ẹ tún ti dé? Ìgbà wo lẹ máa dá iná wa padà?”

Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Mo ṣí fìlà mi.

“Lónìí ni, mà,” mo ní. “Ẹ máa ríná lónìí.”