Ọjọ́ tí Aró Ṣàn sí Wa Lọ́rùn

Ọrùn Ìbùkún, ọmọ ọmọ mi, ló rán mi létí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi àríyá orin wọlé ni. Ó bọ́ bùbá àdìrẹ tó wọ̀ lọ síbẹ̀, mo sì rí i pé aró ti kùn ún láti abẹ́ etí títí dé èjìká, bí ẹni tó sùn sínú ìkòkò aró. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni òórùn aṣọ náà kàn mí nímú, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àríyá náà ná, nítorí inú ṣì ń bí mi. Báǹkì ni Ìbùkún ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ó wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ní mo ti ń jókòó sójú kan jù, kí n jẹ́ ká jáde. Pápá kan tí kò jìnnà sí Kútọ̀ ló mú mi lọ. Igi kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè ráyè to sípíkà wọn jọ, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn ń jó ènìyàn láti òwúrọ̀. Wọ́n so okùn aláwọ̀ osàn, àmì pé a ti sanwó, mọ́ mi lọ́wọ́ bí àgbò Iléyá. Aago méjìlá ni wọ́n kọ sínú ìwé pé olórin yóò bẹ̀rẹ̀, aago márùn-ún sì kọjá kí ọ̀gbẹ́ni náà tó dé, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn àti awò dúdú lójú. Ó gbá máìkì mú, ó ń fò sókè fò sódò. Orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló ń dún, òun kàn ń yanu ni. Ó tilẹ̀ dúró mu omi, ohùn rẹ̀ ò sì dúró dè é. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ò kíyè sí i, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí i kí wọ́n lè ya fọ́tò ara wọn pẹ̀lú rẹ̀.

Gbogbo wọn ló wọ àdìrẹ o. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ jáde nílẹ̀ òkèèrè. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ò dé ìtòsí aró rí, bí ẹ bá sè é lórí iná kò ní yọ nǹkan kan. Ti Ìbùkún nìkan ni mo rí tó jẹ́ ojúlówó, ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú ló ti rà á.

Nígbà tiwa, a kì í pe irú rẹ̀ ní àríyá. Ìdíje orin ni. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú yìí máa ń pàdé lórí pápá, a ó sì fi ọ̀fun tí Ọlọ́run fún wa kọrin. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá máa ń gbọ́ wa. Ọmọ tí kò bá lóhùn, tí ó sì ga tó kí ìlà lè gún, tíṣà á ní kí ó máa la ẹnu lásán. Èmi wà lára àwọn yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi tètè ń dá irú ọ̀gbẹ́ni olórin yẹn mọ̀.

Ràfátù, ọ̀rẹ́ mi, ló ń dá orin fún wa. Ìyá rẹ̀ ń rẹ aṣọ láró ní Ìtòkú, ọwọ́ ìyá náà dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, kì í funfun, àní lọ́jọ́ ọdún. Ó ti pinnu pé ọdún yẹn ni Ràfátù yóò kúrò nílé-ìwé kó wá dúró ti ìkòkò aró. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn ó ní òun yóò wá sí pápá, kí òun fi etí ara òun gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ òun. Bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, kí ọmọ máa kàwé lọ. Inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ náà débi pé ó ní òun ni yóò rẹ bùbá tí gbogbo wa máa wọ̀ sórí síkẹ́ẹ̀tì funfun.

Ó ku ọ̀la kí ìdíje wáyé nígbà tó yọ àwọn bùbá náà nínú aró. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí, omi ni wọ́n máa fi ń ṣan án ní àṣantúnṣan, kí aró tó ṣẹ́kù má baà ṣàn sí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lára. Ràfátù wà lọ́dọ̀ tíṣà, ó ń tún orin kọ. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò nílò ohùn mi ni ìyá náà di ẹrù rù pé kí n lọ ṣan wọ́n nídìí ẹ̀rọ omi.

"Títí omi á fi mọ́ o," bó ṣe wí nìyẹn.

Ìgbà méjì ni mo ṣan wọ́n. Omi ṣì dúdú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ta òkòtó nítòsí, mo sì ń gbọ́ ariwo wọn. Mo fún àwọn aṣọ náà, mo sá wọn sórí àpáta, mo bá wọn ta òkòtó. Nígbà tí ìyá náà bi mí bóyá omi mọ́, mo ní ó mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àlejò pàtàkì pẹ́ kó tó dé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n tò wá sínú oòrùn dè é, òógùn bò wá. Nígbà tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà tán, Ràfátù bẹ̀rẹ̀ orin, gbogbo pápá sì dákẹ́. Mi ò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó dé ìlà kejì kí ẹnì kan tó rẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín fi gba pápá kan. Aró ti ṣàn láti ọrùn wa sórí síkẹ́ẹ̀tì, ó ti dé inú ìbọ̀sẹ̀. Àlejò pàtàkì fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, ikùn rẹ̀ ń mì. Gbogbo wọn ń bi ara wọn pé aláró wo ló rẹ irú èyí, àwọn aláró Ìtòkú tó wà níbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ràfátù ń kọrin lọ ní tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló dìde, tó wá fà á lọ́wọ́ kúrò láàárín wa. Bí ìyá náà ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wò mí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo ṣan àwọn aṣọ náà.

Ràfátù ò padà sílé-ìwé. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ fi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìyá àti ọmọ bá kó lọ sí Ọ̀fàdà, wọ́n ní wọ́n ń gbin ìrẹsì. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ ọkọ̀ láti Kútọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, Ọ̀fàdà ò sì jìnnà sí ọ̀nà mi. Mi ò yà rí. Ẹ̀yin tí mo ti ń bú olórin fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ mọ ẹni tó ń bú u báyìí.

Ìbùkún ti ya ọrùn rẹ̀ ní fọ́tò.

"Màmá, mo máa pósíìtì ẹ̀," ó ní. "Kí gbogbo ayé mọ aláró tó ṣe é."

Igi ti lọ, ohùn ti di ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èyí ò yí padà rárá: aláró ni wọ́n ṣì ń wá láti dá lẹ́bi. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ ti pápá fún un, ti orin, ti ẹ̀rín, ti bí wọ́n ṣe fa ọ̀rẹ́ mi lọ. Mo fo ti ẹ̀rọ omi, bí mo ṣe máa ń fò ó fún ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ báǹkì ni Ìbùkún, kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìwádìí.

"Ta ló wá ṣan àwọn aṣọ yẹn, Màmá?"

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi mí rí.

"Èmi ni," mo dá a lóhùn.

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo ní kó pọn omi wá kí ó sì mú bùbá náà dání. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣan án, Ìbùkún ń da omi nù, ó ń pọn òmíràn. Ìgbà méje ni mo ṣan án kí omi tó mọ́. Gbogbo rẹ̀ ò gbà wá ju ìdajì wákàtí lọ.