Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Jókòó ní Kíláàsì Ìtàn

Mo rántí ìgbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ kan ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ olùkọ́. Ìṣirò ni mo fẹ́ràn, mo sì gbà pé òun nìkan ló yẹ kí n kọ́. Àwọn onígbàgbọ́ tó ni ilé-ìwé náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní olùkọ́ tó mọ ẹyọ ohun kan ṣoṣo kò tíì mọ nǹkan, nítorí náà gbogbo wa ló ń kọ́ orin, ewì, àwòrán àti ìtàn. Èmi ọlọ́gbọ́n orí, abẹ́ tábìlì ni mo ti máa ń ṣe ìṣirò bí wọ́n bá ń kọ́ wa ní ìtàn.

Aránṣọ ni bàbá mi ní Múṣin, mùsùlùmí òdodo tí kò mọ̀wé. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ mi ní orin àti àwòrán, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di ẹnu ọ̀nà kíláàsì wa.

"Mísì, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ní kí ẹ kọ́ ọmọ mi. Bó bá jẹ́ eré lẹ ń bá a ṣe, mo wá mú un lọ ni."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mísì tó ń kọ́ wa ní ìtàn, ọmọ Abẹ́òkúta kan tí ohùn rẹ̀ tutù, kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó gbọ́ tiwa ná. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ máa mú un lọ." Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn mi.

Ogun tó tú àwọn ará Ọ̀yọ́ ká ni a ń kọ́ lọ́jọ́ náà. Ìlà méjì péré ni ìwé wa sọ nípa rẹ̀. Mísì bi wá pé kí ni àwọn tó sá lọ gbé dání. Bàbá mi wúkọ́ lẹ́yìn wa.

"Ìyá ìyá mi wà níbẹ̀. Irúgbìn ẹ̀gúsí ló dì mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Ọmọ méjì ló kó jáde, ọ̀kan ló bá a dé Ògbómọ̀ṣọ́."

Mísì yíjú sí pátákó, ó kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, àwa náà ń dà á kọ. Bàbá mi rọra bi mí pé kí ló kọ.

"Ọ̀rọ̀ yín ni, Bàbá."

Nígbà tí aago lù, Mísì mú aṣọ tó fi ń nu pátákó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mísì, ẹ má tíì pa á rẹ́," ni bàbá mi wí.

Mísì gbé aṣọ náà sílẹ̀. Bàbá mi dúró, ó ń wo ohun tí kò lè kà, títí àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn fi wọlé. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé, kò mú mi dání.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìṣirò ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n títí dòní ni mo ń dúpẹ́ pé àwọn onígbàgbọ́ yẹn kò jẹ́ kí n kọ́ kìkì ohun tó wù mí. Kí ọjọ́ náà tó dé, èmi àti bàbá mi ti gbé abẹ́ òrùlé kan fún bí ogún ọdún. N kò bi í léèrè ẹni tó bí ìyá rẹ̀ rí.