Ọkọ̀ Ogun Bàbá Onílé Mi

"Dusumá, dusumá," ni bàbá onílé mi máa ń wí bí mo bá ń tẹ jáàkì. Faransé tí wọ́n kó bọ̀ láti Àbíjáà ni. Wọ́n ní kí n rọra. Èmi tí Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń lé kiri!

Àga ike tó ti kán la máa ń yọ́ lẹ́yìnkùlé wọn, ní Èjìgbò níbí. Jáàkì tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò la fi ń tì í wọnú irin tí bàbá ti gbẹ́, kó lè di táyà ọkọ̀ ogun kan tó tóbi tó ewúrẹ́. Ọmọ wọn tó jẹ́ ṣọ́jà ló ń wa ojúlówó ẹ̀ ní Borno, ó sì ti pẹ́ tó ti pè wọ́n gbẹ̀yìn. Ó rẹ̀ mí, ó rẹ àwọn náà, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ ká sinmi.

Lánàá, a tẹ ìdérí òkè ọkọ̀ náà. Ó dé pa dáadáa. Mo ti ń pe ara mi ní injiníà. Àfi bí bàbá ṣe mú ọ̀bẹ, tí wọ́n ń fá etí ẹ̀ títí ó fi ń mì.

"Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́! Kò lè tì mọ́."

"Ta ló ní kó tì? Ṣé o ò mọ̀ pé ibẹ̀ lọmọ mi máa gbà jáde ni?"

Mo bá wọn di ìdérí náà mú, kí ọ̀bẹ má baà yọ̀ lọ́wọ́ wọn.