Ọjọ́ Tí Bàbá Ọdẹ Gba Ìtàn Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà, èmi sì jẹ́ tíṣà kékeré ní ilé ìwé ìjọ kan ní Igbó-Ọrà. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé sọ́wọ́ hẹ́dímásítà wa pé wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ní Èrúwà fún gbogbo Ìbàràpá. Ijó wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ híhun náà wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìdíje ìtàn kíkọ yóò wà: ìtàn àròsọ kúkúrú ní èdè Yorùbá, kó má ju ojú ewé mẹ́rin lọ, ẹni tó bá kọ ọ́ ni yóò sì fẹnu ara rẹ̀ kà á fún àwùjọ. Aago ara ògiri ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gba ipò kìíní.

Hẹ́dímásítà na lẹ́tà náà sí mi.

Ó ní, "Mísì, ẹnu yín máa ń dùn bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lẹ́yìn. Ẹ lọ fi ṣe nǹkan gidi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ìwé, n kò rí nǹkan kan kọ. Èyí tí mo bá rò, bí kò bá jẹ́ ti ọba, á jẹ́ ti ọmọ òrukàn. Lọ́jọ́ kẹrin ni àbúrò bàbá mi sọ sí mi lọ́kàn.

Ọdẹ ni wọ́n. Àwa ọmọ ilé ń pè wọ́n ní Bàbá Ọdẹ, ará àdúgbò ń pè wọ́n ní Bàbá Ìbejì. Ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà tí mò ń sọ yìí, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bolẹ̀, Bàbá Ọdẹ ń lọ sóko, ni wọ́n bá rí i tí koríko ń mì, tí ohun kan ń mí fìn-ìn, fìn-ìn, nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sọ ìbọn nù, wọ́n fi fìlà sílẹ̀, wọ́n gun igi irúgbá. Orí igi ni wọ́n wà títí oòrùn fi kan àtàrí. Àwọn obìnrin tó ń lọ ṣa ẹ̀gúsí ló bá òbúkọ ìyá ìyàwó wọn nídìí igi, tó ń fi fìlà wọn jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, èsì kan ṣoṣo ni Bàbá Ọdẹ ní: "Ẹkùn ti lọ kí òbúkọ tó dé." Bí olúwarẹ̀ bá sì rẹ́rìn-ín, ìjà dé nìyẹn. Ìyàwó wọn pàápàá, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ rín tirẹ̀.

Ìtàn yìí ni mo kọ. Mo fọgbọ́n sí i o. Mo sọ òbúkọ di àgbò, mo sọ irúgbá di ìrókò, mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ìlú kan tí kò sí níbì kankan. Mo tún fún ọdẹ inú ìtàn ní irùngbọ̀n tó balẹ̀ dé àyà, bẹ́ẹ̀ àgbọ̀n Bàbá Ọdẹ ń dán bí àwo ni. Ó dá mi lójú pé ìyá tó bí wọn kò ní dá wọn mọ̀.

Ohun tí n kò rò ni pé wọ́n máa bá mi lọ. Bàbá mi ló ní ọmọbìnrin kan kì í dá wọ lọ́rì. Nígbà tí mo máa fi dé ìdíkọ̀, Bàbá Ọdẹ ti wọ agbádá, wọ́n ti jókòó. Títí a fi kọjá Lánlátẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń bá àwọn èrò sọ.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ó kọ ìwé. Ó fẹ́ lọ kà á fún gbogbo ayé."

Ọyẹ́ ń fẹ́, òógùn ń bò mí.

Abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n ti ṣe é. Onídàájọ́ mẹ́ta jókòó nídìí tábìlì. Hẹ́dímásítà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wọn. Àwa márùn-ún la fẹ́ kàwé. Olùkọ́ ìjọ kan ló kọ́kọ́ kà, ìtàn ọmọ kan tó máa ń gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Ọmọ náà gbọ́ràn, ó gbọ́ràn, ó gbọ́ràn títí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ fi sùn lọ.

Nígbà tó kàn mí, mo rọra bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọdẹ ti sọ ìbọn nù ni ẹ̀rín ti sọ. Nígbà tí àgbò yọ ti òun ti fìlà lẹ́nu, obìnrin kan yọ̀ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà tí mo parí ni mo tó lè wo ibi tí Bàbá Ọdẹ jókòó sí. Wọ́n ti pa ẹnu dé bí ìkòkò.

Lẹ́yìn tí gbogbo wa kà tán, àwọn onídàájọ́ forí korí. Alága dìde.

"Ẹni tó gba ipò kìíní ni mísì tó wá láti—"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà!" Olùkọ́ ìjọ ti dìde. "Òfin sọ pé ìtàn àròsọ ni. Èyí kì í ṣe àròsọ. Mo ti ṣiṣẹ́ ní Igbó-Ọrà rí. Ọdẹ kan ló ṣẹlẹ̀ sí níbẹ̀. Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè é."

Alága wo àwùjọ. "Ṣé Bàbá Ìbejì ará Igbó-Ọrà wà níbí?"

Ọkùnrin mẹ́fà dìde. Ẹni tó bá mọ bí ìbejì ṣe pọ̀ ní ìlú wa yóò mọ̀ pé mẹ́fà yẹn kéré.

"Ta ló jẹ́ ọdẹ nínú yín?"

Márùn-ún jókòó.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ṣé ẹ̀yin ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí, àbí ọmọ yìí ló ronú rẹ̀?"

Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tí wọ́n lè bi léèrè láyé yìí, ẹni tó ti ń sọ pé rárá láti ọdún mẹ́wàá ni wọ́n bi yìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí wọ́n tún un sọ, àṣírí bò, aago di tèmi.

Bàbá Ọdẹ wúkọ́. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Gbogbo ojú ló wà lára wọn, kò sì sí èyí tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín níbẹ̀. Obìnrin tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan pariwo pé, "Yéè, bàbá yẹn náà rèé!" Ni àwọn èèyàn bá pàtẹ́wọ́. Mo rí i bí àyà Bàbá Ọdẹ ṣe ń ga díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní, "Èmi ni. Èmi gan-an ni! Kì í sì í ṣe àgbò, òbúkọ ni. Kì í ṣe ìrókò, irúgbá ni. Ta ló ń gun ìrókò? Irùngbọ̀n wo lẹ sì rí lójú mi?"

Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n bọ́ síwájú, wọ́n dì mọ́ òpó àtíbàbà, wọ́n ń fi bí wọ́n ṣe gun igi han gbogbo èèyàn, àtíbàbà sì ń mì lórí àwọn onídàájọ́. Alága bọ́ awò ojú, ó ń nu omijé. Bàbá Ọdẹ kò tilẹ̀ dárúkọ ẹkùn. Èmi fúnra mi gbàgbé pé mo ti pàdánù, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ ìtàn náà rí.

Olùkọ́ ìjọ ló gbé aago lọ. Àwọn onídàájọ́ kí mi, wọ́n ní kí n tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀.

Nínú lọ́rì, ojú ọ̀nà ni mo kọjú sí. Nígbà tó yá, Bàbá Ọdẹ fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ò ń bínú."

"Bàbá, láti ọdún mẹ́wàá lẹ ti ń sọ pé rárá. Ẹ kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí tèmi?"

Wọ́n wá ní, "Ìwọ lo kọ ọ́, mo gbà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yẹn, mo ní lọ́kàn mi pé, ta ló gun igi?"

Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n mí.

Lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti lọ sílé, mo rí Bàbá Ọdẹ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Wọ́n gbé ọ̀yà kan dání. Wọ́n gbé e lé orí tábìlì mi, wọ́n jókòó, wọ́n sì ká ẹsẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kíláàsì kejì.

Wọ́n ní, "Mú gègé. O kò tíì gbọ́ ti èmi pẹ̀lú àwọn oyin. Àmọ́ bí o bá yí igi kankan padà níbẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ ni."