Òwe Òyìnbó Bàbá Ọkọ Mi

Bí òjò bá ti ṣú lápá Agbonou nílùú wa, bàbá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Wọ́n ti ṣe kúkù fún Òyìnbó kan ní Akra nígbà èwe wọn, òwe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì kó bọ̀ wá sí Atakpamé, níbi tí iléèwé àti ọ́fíìsì ti di ti Faransé. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, wọ́n á ní ajá àti ológbò ló ń já bọ́ láti òkè. Bí ẹnì kan bá kú, wọ́n á ní ó ti ta garawa nípàá. Àwa á kàn máa wò wọ́n.

Ìyá ọkọ mi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí yé, torí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé Akra. Bàbá á yíjú sí wọn bí ọmọdé tó pa òwe níwájú àgbà: "Tótó, ó ṣe bí òwe." Ìyá á fèsì bí àgbà: "Wàá rí òmíràn pa." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ìyá kú, Bàbá ò mẹ́nu kan garawa. Wọ́n kàn ní, "Ó ti lọ."

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Bàbá sọ ti ajá àti ológbò, wọ́n ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe," wọ́n sì ń retí èsì. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní, "Ẹ ó rí òmíràn pa, Bàbá."

Wọ́n rọra wò mí. "O ṣeun, ìyàwó. Ṣùgbọ́n àgbà ló ń fún ni lésì yẹn. Mi ò ní àgbà mọ́ nínú ilé yìí."