Ìwé Tí Wọn Ò Kọ Ọjọ́ Sí

Ọdún méjìlélógún ni Kalsom Jidin fi gbẹ̀bí ní ìlú Sungai Tembaga kí ẹgbẹ́ òṣèlú tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó díje sílé aṣòfin ìpínlẹ̀. Kak Som, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n Som, ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìdajì àwọn olùdìbò, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n dáyé. Ta ló fẹ́ bá a du ipò? Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta. Ó bá wọn fa omi ẹ̀rọ dé òdìkejì odò, ó sì pariwo títí wọ́n fi tún afárá ṣe.

Àmọ́ ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dìbò, Saidin, akọ̀wé ẹgbẹ́, á kó gbogbo olùdíje jọ sí yàrá kan, á pín ìwé fún wọn. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju pé, èmi lágbájá fi ipò mi sílẹ̀ nílé aṣòfin. Wọ́n á buwọ́ lù ú, wọn ò ní kọ ọjọ́ sí i, Saidin á sì tì í mọ́ inú àpótí irin. Ẹni tó bá fẹ́ sá lọ sínú ẹgbẹ́ mìíràn lẹ́yìn tó bá wọlé, wọ́n á kàn kọ ọjọ́ sí tiẹ̀ ni, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí olórí ilé aṣòfin. Ìwà ìkà gbáà ni lójú tèmi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ̀ láti buwọ́ lù ú.

Lẹ́yìn ìbò kẹta yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wọn, tó ń ṣèjọba, fi ju àwọn alátakò lọ nílé aṣòfin. Ìlú dàrú. Kò sẹ́ni tó fojú tó dáa wo ẹnìkejì ẹ̀ mọ́. Ẹnì kan gbé èso dùríà wá kí Kalsom, wọ́n ní alátakò ló rán an. Kalsom lọ kí ọmọ ẹ̀ ní olú-ìlú, wọ́n ní ìpàdé ló lọ ṣe. Tó bá ti yọjú sí ṣọ́ọ̀bù kọfí, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Inú ń bí i, àyà ẹ̀ sì ń já. Kò ní i lọ́kàn láti lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí Saidin ń rò?

Ó gbéra, ó lọ bá a ní ọ́fíìsì, ó ní òun fẹ́ gba ìwé òun.

Saidin rọra gbé kọ́ọ̀pù tíì ẹ̀ sílẹ̀. "Kak Som, ẹ má bínú o. Ẹni tí ò lọ síbì kan, kí ló fẹ́ fi ìwé yẹn ṣe?"

"Kọ́kàn mi lè balẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n Saidin. Mi ò rí oorun sùn mọ́."

 Saidin ṣí àpótí irin, ó yọ ìwé kan níbẹ̀, ó sì fún un. Kalsom ò gbà á gbọ́ bọ̀rọ̀. Ó gbé ìwé náà sókè wò nínú ìmọ́lẹ̀, ó fi itọ́ sí ìka, ó fi pa ìbuwọ́lù ẹ̀, yíǹkì sì lẹ̀ mọ́ ọn níka. Kì í ṣe fọ́tòkópì. Ó fà á ya wẹ́wẹ́ lójú Saidin, ó dúpẹ́, ó sì lọ sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin dá a dúró. Ó ní olórí ilé ti ka ìwé ìfipòsílẹ̀ ẹ̀ láàárọ̀. Kalsom rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé èwo? Ẹ̀ṣọ́ na ẹ̀dà kan sí i. Ọjọ́ àná ló wà lórí ẹ̀, ìbuwọ́lù sì jẹ́ tiẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé ìbò mẹ́ta lòun dù, ẹ̀ẹ̀mẹta lòun buwọ́ lu ìwé. Ọ̀kan ṣoṣo ló gbà. Saidin ò sì fura sí i rárá tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó wá gba ìwé ni Saidin gbà pé ó ti ń lọ.

Rédíò ti gbé e káàkiri kó tó délé. Àbúrò ẹ̀, Rosli, jókòó sórí àtẹ̀gùn, àwọn aládùúgbò sì dúró yí i ká.

"Kak, wọ́n ní ẹ ti tà wá," ni Rosli wí. "Mo ní irọ́ ni, mo ní wọ́n fara wé ìbuwọ́lù yín ni. Àárọ̀ ni mo ti ń bá wọn jà. Ẹ sáà sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú?"

Kalsom wo ojú gbogbo wọn. Ọwọ́ ẹ̀ ló gbẹ̀bí èyí tó pọ̀ nínú wọn.

"Èmi ni."

Ó fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Rosli ti dìde, ó ń wá bàtà ẹ̀ kó máa lọ.