Ẹsẹ̀ Àjàgbé Onígbàjámọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àjàgbé ti fi ń dúró lẹ́yìn àga ìgẹrun ní Ilare. Bí wọ́n bá to gbogbo orí tó ti fá níbẹ̀, ìlà wọn á dé Ìpetumodù. Kì í jókòó. Ó ní onígbàjámọ̀ tó bá ti ń wá àga, iṣẹ́ ti sú u nìyẹn.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá a fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí iṣan ti yọ kókó-kókó lẹ́yìn ojúgun rẹ̀ méjèèjì, ó lọ́ bí okùn, ó dúdú bí aró. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ á wúwo, ọrùn ẹsẹ̀ á wú. Sẹ̀kínát ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ rí dókítà.

"Ìyá Roqeeb, iṣan akin nìyí," ni Àjàgbé dáhùn. "Ẹni tí kò lágbára, níbo ni tirẹ̀ ti máa yọ?"

Nígbà tí ìyàwó Roqeeb ọmọ wọn bímọ ní Kánò, Àjàgbé wọkọ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Odidi ọjọ́ kan ló fi jókòó ní àlọ, àpò gààrì láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀, àfi pé àlùbọ́sà ló rọ́pò gààrì. Kò sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀ rárá, kí ẹlòmíràn má baà gba ìjókòó ojú fèrèsé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì tó dé, ẹsẹ̀ òsì nìkan wú láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún. Ó ń dán, ó gbóná, bó bá sì fi tẹlẹ̀, á ro ó wọra. Sẹ̀kínát gbé omi gbígbóná àti òrí wá, ó fẹ́ fi gbogbo agbára wọ́ ọ. Ọpẹ́ ni pé Ọmọ́ṣaléwá, nọ́ọ̀sì tó yá yàrá lọ́dọ̀ wọn, ń kọjá lọ síbi iṣẹ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́ ọ." Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ẹyọ kan ló wú, ó gbóná, ó ń dùn wọ́n, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn jíjìn dé. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan tó wà nísàlẹ̀. Bó bá já, ó lè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Bàbá, ṣé mímí kò nira fún yín? Ṣé àyà kò dùn yín?"

"Rárá."

"Ó dáa. Ilé ìwòsàn yá, nísinsìnyí."

"Ìjókòó ló fà á," ni Àjàgbé wí, inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn díẹ̀. "Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìjókòó kò dáa."

"Òótọ́ ni, sà. Ìdúró ojúkan náà kò sàn jù ú lọ. Ìrìn lẹsẹ̀ ń fẹ́."

Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ẹsẹ̀ náà wò, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ dídì níbẹ̀. Dókítà fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí yóò lò fún oṣù mélòó kan, ó sì kìlọ̀ pé bí nǹkan bá gé e, ẹ̀jẹ̀ á pẹ́ kó tó dá. Àjàgbé wá ń di abẹ mú bí ẹni tó gbé ẹyin. Nígbà tí wíwú náà lọ, wọ́n fún un ní ìbọ̀sẹ̀ tó fún pinpin nítorí àwọn iṣan àtijọ́ wọ̀nyẹn. Láràárọ̀, Sẹ̀kínát á máa fa ìbọ̀sẹ̀, Àjàgbé á di ilẹ̀kùn mú.

Lọ́jọ́ kan tí Àjàgbé ń fá orí fún un, Adéagbo, oníbàárà rẹ̀ láti Òkèrèwè, rí ìbọ̀sẹ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Àjàgbé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wo lo wà báyìí?"

"Ká ṣòkòtò tìrẹ sókè, ká wò ó."

Iṣan kankan kò yọ lẹ́sẹ̀ Adéagbo. Ó fẹ́ máa yangàn, àmọ́ ó jẹ́wọ́ pé bí òun bá rìn dé ìdajì ọ̀nà, ẹ̀yìn ojúgun á mú òun, àfi kí òun dúró díẹ̀ kó tó tú. Àjàgbé fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù bí omi àmù.

Àjàgbé pa ẹ̀rọ ìgẹrun. Ọmọ́ṣaléwá ti ṣàlàyé irú èyí fún un rí. "Tèmi, ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà padà sókè. Tìrẹ, ó jọ pé kò rọ́nà sọ̀ kalẹ̀. Lọ rí dókítà. Sìgá tí ò ń mu yẹn, má fi pa mọ́ fún un."

Adéagbo ní kó kọ́kọ́ fá ìdajì orí tó kù. Àjàgbé kọ̀, àfi bó bá búra pé òun á lọ lọ́jọ́ kejì. Adéagbo búra. Lóòótọ́ ni wọ́n bá iṣan tó ti ń dí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó fi sìgá sílẹ̀, kó sì máa rìn lójoojúmọ́.

Ní báyìí, àwọn méjèèjì jọ ń rìn nírọ̀lẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá mú Adéagbo, Àjàgbé á dúró dè é, á sì máa sọ̀rọ̀ lọ ràì. Adéagbo ní ẹsẹ̀ òun ti ń sàn, pé ọ̀rọ̀ Àjàgbé ló ń rẹ òun.